Wíwá nọ́ńbà àkọ́kọ́ ńlá gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ní Èkó: báwo ni a ṣe ń pín iṣẹ́ tí kò fi ní dàrú?

Alábòójútó, Yaba:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́rìndínlógún ni a kó ara wa jọ láti máa wá nọ́ńbà àkọ́kọ́ ńlá, ìyẹn irú nọ́ńbà tí kò ṣeé pín dọ́gba fún ohunkóhun àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí prime láti ilé-ìwé. Yaba àti Súrùlérè ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, àwọn mẹ́ta wà ní Mushin, ẹnì kan sì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò sí ẹni tó ń gba owó lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí olúkúlùkù ní nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ni a ń lò, ní àkókò tí ẹni tó ni ín kò bá fi í ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nọ́ńbà onírísí k·2^n + 1 ni a fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 2 tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́nà n, tí a fi k sọ di púpọ̀, tí a sì fi 1 kún un, àmọ́ àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé kí a yí padà.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé ìbẹ̀rẹ̀ wa kò dára. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ńṣe ni olúkúlùkù ń mú ìpín tó wù ú, ìyẹn láti n kan dé òmíràn, tó ń kéde rẹ̀ lórí WhatsApp, tí ìkéde náà sì ń rì sábẹ́ ìkíni àárọ̀ àti fọ́tò ìgbéyàwó. Nígbà tí mo jókòó láti kó èsì jọ, mo rí i pé ẹni méjì ti fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún ṣe iṣẹ́ kan náà láìmọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ti ìpín kan tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá wọ́n ti ṣe é tàbí wọn kò ṣe é, nítorí pé ẹni tó gbà á ti kó lọ sí ìlú mìíràn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí irú nọ́ńbà tó yẹ ẹgbẹ́ tó kéré bí tiwa, bí a ó ṣe máa pín in, ohun tí a ó ṣe sí ọ̀rọ̀ iná, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé èsì tí ẹnì kan mú wá ṣeé gbà gbọ́.

Olùkọ́ Ìṣirò, Súrùlérè:

Ẹ kú ìdáwọ́lé. Ní tèmi, ẹ má ṣe yí padà. Nọ́ńbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Mersenne, 2^p − 1, ẹgbẹ́ GIMPS tí George Woltman dá sílẹ̀ ní ọdún 1996 ni ó sì ń darí wíwá rẹ̀ káàkiri ayé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Luke Durant, ọ̀kan nínú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀, rí 2^136,279,841 − 1, èyí tí díjíìtì rẹ̀ jẹ́ 41,024,320. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì GPU tó wà ní orílẹ̀-èdè 17 ni ó lò fún iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ dara pọ̀ mọ́ wọn lónìí, sáfà wọn yóò sì máa pín iṣẹ́ fún un láìsí pé alábòójútó kankan dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó fẹ́ di ìwé ara rẹ̀ mú, tó sì fẹ́ rí nọ́ńbà kan tí yóò lè pè ní tirẹ̀, ọ̀nà k·2^n + 1 ló rọrùn fún un jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé François Proth ti fi hàn ní ọdún 1878 pé, bí k kò bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, tó sì kéré sí 2^n, àyẹ̀wò kan wà tó lè fìdí nọ́ńbà náà múlẹ̀ pátápátá. Ẹ wo 13, tó jẹ́ 3·2^2 + 1. A yọ 1 kúrò nínú 13, a pín ìyókù sí méjì, ó jẹ́ 6. A wá sọ 2 di ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́fà, ó jẹ́ 64, èyí tó fi 1 péré dín sí 65, ìyẹn 13 lọ́nà márùn-ún. Bí a bá ti rí nọ́ńbà kan tó ṣe bí 2 ti ṣe níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ti parí: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni 13. Ohun kan náà ni ètò LLR tí Jean Penné kọ ń ṣe sí nọ́ńbà tí díjíìtì rẹ̀ ju 90,000 lọ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ àkọsílẹ̀ gbangba ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe wò, torí pé PrimeGrid àti àwọn ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀ ti rìn jìnnà gan-an lórí àwọn k kéékèèké. K tó tóbi ni kí ẹ mú.

Kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò kankan, ẹ kọ́kọ́ jọ̀ ọ́ bí a ṣe ń jọ gàrí. Ètò bíi sr1sieve, tó wà fún k kan ṣoṣo, àti sr2sieve, tó wà fún k púpọ̀, ń yọ gbogbo n tí nọ́ńbà kékeré kan bá lè pín k·2^n + 1 rẹ̀ dọ́gba kúrò, wọ́n sì yára ju àyẹ̀wò gidi lọ fíìfíì. Ìgbà tí ẹ ó dáwọ́ jíjọ̀ dúró ni ìgbà tí àkókò tí ajọ̀ fi ń yọ n kan bá ti gùn tó àkókò tí ẹ lè fi ṣe àyẹ̀wò kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó jọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó pín in. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù ti ń jọ tirẹ̀, tí àwọn kan jọ̀ ọ́ kúnná, tí àwọn mìíràn kàn gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, débi pé kò sí ẹni tó lè sọ iye iṣẹ́ tó kù nílẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí wọ́n lè máa retí. Bí n bá wà ní àyíká 300,000, tí ẹ sì ti fi gbogbo nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó kéré sí 10^12 jọ̀ ọ́, ìṣirò sọ pé nǹkan bí ọ̀kan nínú 4,200 lára àwọn tó ṣẹ́ kù ni yóò jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Bí n bá di 1,000,000, ó di ọ̀kan nínú nǹkan bí 14,000, àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan yóò sì gùn ju ìlọ́po mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé bí n bá di ìlọ́po méjì, àkókò àyẹ̀wò á di ìlọ́po mẹ́rin, á tún lé díẹ̀. Ìfojúsọ́nà ni èyí, kì í ṣe ìlérí. Ẹ lè rí méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì lè ṣe 10,000 láìrí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹ ṣe ohun tó burú.

Akọ̀wé Àjọ, Èbúté Mẹ́tà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú akitiyan. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò. Ọmọ mi ló wà nínú irú iṣẹ́ yìí, èmi ni mo sì ń bá a kọ ìwé rẹ̀ nígbà tí mo rí i pé ìwé náà ń fẹ́ di jáńpọ̀n-ọ́n. Ogún ọdún ni mo ti fi ń kọ ìwé àjọ fún àwọn obìnrin ọjà wa, mo sì lè sọ fún yín pé ìṣòro tí Alábòójútó kà sílẹ̀ yìí, ìṣòro àjọ gan-an ni.

Nínú àjọ, káàdì méjì ló máa ń wà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dá a, ọ̀kan wà lọ́wọ́ alájọ, ojú méjèèjì ló sì ń rí i nígbà tí a bá ń fàmì sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ó gbé káàdì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Kí ẹni tó gba ìpín kọ ọ́ pa mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí alábòójútó kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí èdè méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà, ìyẹn láti n mélòó dé n mélòó, ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà, àti kọ̀ǹpútà tó fẹ́ fi ṣe é. Gbogbo ayé lè ka ìwé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ni kí ó máa kọ ọ́, kí ẹnì kejì sì wà tó lè gbà á ṣe bí ẹni àkọ́kọ́ bá ń ṣàìsàn tàbí tó rin ìrìn-àjò. A máa ń lo Google Sheets. Ẹ lè ti ojú ìwé náà pa, tí àwọn yòókù á lè wò ó láìlè fọwọ́ kàn án.

Mẹ́ta péré ni ipò tí ìpín kan lè wà: a kò tíì fún ẹnikẹ́ni, ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, tàbí ó ti parí. Ẹ má ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ìkẹrin. "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é tán" kì í ṣe ipò kankan nínú ìwé. Ẹ má sì kọ "ó ti parí" nítorí pé ẹnì kan sọ ọ́ lẹ́nu lórí fóònù, bó ti wù kí ẹ fọkàn tán an tó. Ìgbà tí fáìlì èsì bá dé ọwọ́ yín, tí ẹ kà á, tí iye ìlà inú rẹ̀ sì bá iye tí ẹ fún un mu, ni kí ẹ tó kọ ọ́. Mo ti rí fáìlì tí ìlà méje já kúrò ní ìdí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sì mọ̀.

Nípa títóbi ìpín, ẹ wọn ọ́n mọ ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́ra jù, kí ó lè parí tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tí tirẹ̀ bá yára yóò wá gba òmíràn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá fẹ́ àfikún ọjọ́ á sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé, a ó sì fún un láìbéèrè ìdí. Bí ọjọ́ bá kọjá tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, a ó pè é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta a ó gba ìpín náà padà fún ẹlòmíràn. Kí a sì ti sọ èyí fún gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ tí wọ́n wọlé, kí ó má baà dà bí ìjìyà nígbà tó bá kan ẹnì kan.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹ má ṣe pa ohunkóhun rẹ́ nínú ìwé. Bí ìpín bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ fi ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹ kọ tuntun sí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí ẹni méjì ṣe pọ̀ yẹn, ṣé ẹ kò tíì dà á nù? Káàdì méjì nìyẹn o.

Alábòójútó, Yaba:

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. A kò tíì dà á nù. Ǹjẹ́ ẹnì kan lè ṣàlàyé bí a ṣe lè fi wọ́n wéra?

Onímọ̀ Ẹ̀rọ, Ọ̀tígbà, Ìkẹjà:

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá wa sọ yẹn ni mo fẹ́ gùn lé. Bí LLR bá rí i pé nọ́ńbà kan kì í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́, kì í kàn sọ pé rárá. Ó máa ń kọ àṣẹ́kù ìṣirò náà sílẹ̀, àmì 16 tó dà pọ̀ mọ́ lẹ́tà àti òǹkà. Kọ̀ǹpútà méjì tó bá ṣe nọ́ńbà kan náà bó ti tọ́ gbọ́dọ̀ ní àmì 16 kan náà. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kò lè méfò rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó bá sì ṣìṣe níbì kan láàárín, àmì rẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá. Ẹ to fáìlì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wá ìlà tí kò bára mu. Àmọ́, kí gbogbo yín lo ètò kan náà, nítorí pé LLR àti PFGW, tó jẹ́ ètò mìíràn fún irú àyẹ̀wò yìí, lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ibi kan náà, tí àṣẹ́kù wọn yóò sì yàtọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì ló ṣe dáadáa.

Kọ̀ǹpútà tó ń gbóná jù kì í sábà kú. Irọ́ ló máa ń pa. Ó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú òǹkà kan tó ti yí padà nínú rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀. Nítorí náà, kí kọ̀ǹpútà kankan tó gba ìpín, pàápàá èyí tí a rà ní àlòkù, ẹ fi Prime95, ètò tí àwọn GIMPS ń lò, dán an wò fún odidi ọjọ́ kan; ó ní àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe fún èyí gan-an. Ẹ ṣí ìdí rẹ̀ lóṣooṣù nígbà ọyẹ́, kí ẹ nu eruku inú fáànù rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ páànù tí oòrùn ń pa. Bí ó bá ṣì gbóná, ẹ dín iye kóòrù tó ń ṣiṣẹ́ kù. Kì í sì í ṣe ooru nìkan ló ń mú kọ̀ǹpútà ṣìṣe: ní ọdún 1994, Thomas Nicely, tó ń ṣírò lórí àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé ara wọn ní méjì-méjì, ni ó rí i pé Pentium tuntun, ṣíìpù kọ̀ǹpútà tí Intel ṣe, kì í pín nọ́ńbà dáadáa nígbà mìíràn. Àfiwé láàárín kọ̀ǹpútà ló tú àṣírí rẹ̀.

Ní ti iná, kọ̀ǹpútà tó ń fa wáàtì 100 tọ̀sán-tòru yóò jẹ yúníìtì 2.4 lóòjọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àwọn tó wà ní Band A ti ń san ju náírà 200 lọ lórí yúníìtì kan, bí a bá sì fi 200 ṣírò, náírà 480 lóòjọ́ nìyẹn, náírà 14,400 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Kí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n kí ó tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, kí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nítorí nọ́ńbà. Owó epo rẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu, èéfín rẹ̀ sì léwu. Àwọn ètò yìí máa ń fi ibi tí wọ́n dé pamọ́ sínú fáìlì láti ìgbà dé ìgbà, ìṣẹ́jú 30 ni Prime95 sì máa ń lò bí a kò bá yí i padà. Ní Èkó, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí márùn-ún. Fún àyẹ̀wò tó kúrú bí tiyín, ohun tí iná tó lọ lójijì ń bà jẹ́ jù ni fáìlì èsì tó wà ní ṣíṣí, torí náà ẹ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fóònù tàbí flash ní alaalẹ́. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lè gbé e fún wákàtí kan dára ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó lágbára tí kò ní UPS.

Akẹ́kọ̀ọ́, Akọkà:

Ohun méjì péré ni mo ní í sọ. Dátà kì í ṣe ìṣòro níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì ìpín àti fáìlì èsì, wọn kò sì tó fọ́tò kan. Ẹni tó ń gbé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dára lè gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ètò wọ̀nyí sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé tàbí ti ibi iṣẹ́ láìgba àṣẹ tí a kọ sílẹ̀. Iná ilé-iṣẹ́ ni ó ń jẹ, orúkọ ẹgbẹ́ ni yóò sì bàjẹ́.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó:

Èmi wà nínú ẹgbẹ́ Alábòójútó, èmi náà sì wà lára àwọn tó fẹ́ kí a yí padà. Mo gbọ́ pé EFF (Electronic Frontier Foundation), àjọ kan ní Amẹ́ríkà, ya 150,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí díjíìtì rẹ̀ bá kọ́kọ́ pé mílíọ̀nù 100. Kí ló dé tí a kò fi lé ìyẹn?

Olùkọ́ Ìṣirò, Súrùlérè:

Òótọ́ ni, wọ́n sì ti san 50,000 fún díjíìtì mílíọ̀nù kan àti 100,000 fún mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí díjíìtì tó pé mílíọ̀nù 100, p ti Mersenne gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù 332 lọ. Ẹ fi ìlànà ìlọ́po mẹ́rin tí mo sọ lókè ṣírò rẹ̀ láti 300,000 títí dé ibẹ̀: àyẹ̀wò kan ṣoṣo yóò wúwo ju mílíọ̀nù kan irú èyí tí ẹ ń ṣe lọ. Bí ẹ bá ní ìfẹ́ sí i fún ara yín, ẹ ṣe é lọ́dọ̀ GIMPS. Mi ò rò pé ó yẹ kí a fi sọ́rùn ẹgbẹ́ tó ń bá iná wá.

Alábòójútó, Yaba:

Bí a bá wá rí i ńkọ́? Orúkọ ta ni yóò jẹ́?

Olùkọ́ Ìṣirò, Súrùlérè:

Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó rí i. Àkójọ àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ ńlá tí Chris Caldwell gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Yunifásítì Tennessee ní Martin fàyè gba orúkọ ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí i, ti ètò tó lò, àti ti ẹgbẹ́ tó darí rẹ̀. Nọ́ńbà tiyín lè má tóbi tó èyí tí àkójọ náà ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ kọ gbogbo orúkọ wọ̀nyí sínú ìwé tiyín, kí ẹ má sì gbàgbé ẹni tó jọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má kéde rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà mìíràn tó tún un ṣe pẹ̀lú ètò mìíràn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ rí i dájú pé ẹ ó mọ̀ nígbà tí ẹ bá rí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹpútà kan lábẹ́ Curtis Cooper ní Yunifásítì Central Missouri fi tó sáfà GIMPS létí pé 2^74,207,281 − 1 jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Lẹ́tà tó yẹ kí sáfà fi ránṣẹ́ sí ènìyàn kò jáde. Nọ́ńbà tó ní díjíìtì 22,338,618, tó tóbi ju gbogbo èyí tí ayé mọ̀ nígbà náà lọ, sì wà nínú àkọsílẹ̀ láìsí ẹni tó rí i títí di ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2016. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, ẹ ka fáìlì èsì yín fúnra yín, lójoojúmọ́ tí fáìlì kan bá wọlé.

Alábòójútó, Yaba:

Mo padà wá jábọ̀ fún yín. Mo fi fáìlì méjì ti ọjọ́ mọ́kàndínlógún wéra bí Onímọ̀ Ẹ̀rọ ṣe sọ. Nínú ìlà 1,846, mẹ́ta ni kò bára mu. A tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lórí kọ̀ǹpútà kẹta, ó sì bá ti Súrùlérè mu ní gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kejì wà ní Mushin, nínú yàrá tí páànù orí rẹ̀ kò ní àjà. Inú ẹni tó ni ín kò dùn, mo sì sọ fún un pé òun ló ràn wá lọ́wọ́ jù, nítorí pé bí kò bá ṣe iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, a kì bá mọ̀ láé. A ti gbé kọ̀ǹpútà náà sí ìsàlẹ̀, ó ń ṣe àyẹ̀wò ọjọ́ kan lọ́wọ́. Gbogbo ìpín mìíràn tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni a ó tún ṣe.

A ti gbà láti dúró sórí k·2^n + 1, láti n = 300,000 dé 350,000, ẹni wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó náà sì ti gbà. Èmi ni mo ń kọ ìwé, akọ̀wé kejì wà ní Súrùlérè. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo èsì ni a ó máa tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ìpín àkọ́kọ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ni a ó sì tún ṣe pátá.

Ìpín tí a kò mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe é, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí a kò fún ẹnikẹ́ni rí, mo sì ti gbà á fúnra mi. Bí iná bá dúró díẹ̀, fáìlì rẹ̀ yóò dé ọwọ́ akọ̀wé kejì ní ọjọ́ Ẹtì.